Ìwé ìtàn sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀bùn ńlá: ohun tí ojú mi rí lórí àga adájọ́

Àbúrò wa kan béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ẹ̀bùn Booker (ẹ̀bùn ńlá ọdọọdún fún ìwé ìtàn àròsọ lédè Gẹ̀ẹ́sì) du Kazuo Ishiguro lọ́dún 2005, nígbà tí ìwé rẹ̀, Never Let Me Go, dé ìpele àṣekágbá, tí wọ́n sì gbé ẹ̀bùn náà fún The Sea tí John Banville kọ. Ó ní òun gbà pé torí pé ìtàn sáyẹ́ǹsì (ìtàn àròsọ tó dá lórí àrà sáyẹ́ǹsì tí kò tíì sí) ni ìwé náà ni, pé àwọn adájọ́ kò fẹ́ràn irú rẹ̀. Mo fẹ́ dá a lóhùn, nítorí pé èmi náà ti jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ rí, ní ìdíje kékeré kan tí wọ́n ń ṣe fún àwọn òǹkọ̀wé tí kò tíì lórúkọ. Mo gbèjà ìwé ìtàn sáyẹ́ǹsì kan níbẹ̀, mo pàdánù. Nígbà tó yá, mo fi ọwọ́ ara mi ti òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú sì ń tì mí di òní.

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí, àwa márùn-ún la jẹ́ adájọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n kó fún wa sọ ìtàn Èkó tí òkun ti bò mọ́lẹ̀ dé àjà kẹta, tí àwọn ènìyàn ń gbé orí òrùlé, tí ẹ̀rọ kan sì ń pín omi mímu fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn ìwé náà gan-an ni. Nígbà tó kàn mí láti sọ̀rọ̀, mo lo bí ogún ìṣẹ́jú láti ṣàlàyé pé ìtàn sáyẹ́ǹsì kì í ṣe eré ọmọdé, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, pé ẹni tó bá lè gba àwọn iwin inú igbó Fágúnwà láàyè kò yẹ kó máa bá ẹ̀rọ jà. Alága wa, àgbà obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó wá bi mí pé, "Tíṣà, ẹ ti gbèjà gbogbo ẹbí ìwé yìí, ẹ ṣeun. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí lorúkọ ìyá tó wà nínú rẹ̀, kí ló sì ń bà á lẹ́rù?" Mi ò rántí orúkọ ìyá náà. Ìbò wa pín sí méjì-méjì, ìbò alága ló já a, ìwé tí mo fọwọ́ sí sì ṣubú.

Inú bí mi sí alága náà fún oṣù bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà ka ìwé àfọwọ́kọ náà nílé, mo rí i pé bí ẹ bá yọ omi òkun kúrò nínú rẹ̀, ìjà ìdílé tó wà níbẹ̀ kò yí padà rárá, ó lè ṣẹlẹ̀ ní Mushin lónìí láìsí ẹ̀kún omi kankan. Ọ̀dà ni omi náà jẹ́ lára ògiri. Àwọn ìwé mìíràn wà tó jẹ́ òdìkejì èyí: bí ẹ bá yọ àwọn ènìyàn inú wọn kúrò, ẹ̀rọ náà á ṣì máa ṣiṣẹ́, òǹkàwé kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti kúrò nílé. Èyí tó tọ́ sí ẹ̀bùn ńlá lójú tèmi ni èyí tó jẹ́ pé, bí ẹ bá fa òwú àrà tuntun inú rẹ̀ (ohun tí kò tíì sí láyé, bí ẹ̀rọ tàbí ẹ̀kún omi yẹn) yọ, gbogbo aṣọ ló máa tú, tí ẹ bá sì fa òwú àwọn ènìyàn yọ, bákan náà ni yóò rí.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo ìwé Ishiguro. Kathy tó ń sọ ìtàn náà dàgbà ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Hailsham, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ṣe ẹ̀dà wọn láti ara ẹlòmíràn, kí wọ́n lè máa yọ ẹ̀yà ara wọn fún àwọn aláìsàn nígbà tí wọ́n bá dàgbà tán. Kò sí ẹ̀rọ tó ń pariwo nínú ìwé náà. Àwọn ọmọ ń yàwòrán, wọ́n ń ra ohun àlòkù, wọ́n ń jowú ara wọn bí gbogbo ọmọ ilé ìwé ṣe máa ń ṣe. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló ń ráhùn pé àwọn ọmọ náà kò sá, nígbà tí kò sí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ wọn, tí wọ́n tilẹ̀ ń fúnra wọn wa ọkọ̀ káàkiri nígbà tí wọ́n dàgbà. Wọ́n ka èyí sí àléébù ìwé náà. Nígbà tí a kà á nínú ẹgbẹ́ ìkàwé wa nílùú Ìbàdàn, mo ti múra sílẹ̀ fún ìráhùn yẹn, ṣùgbọ́n ìyá kan láàárín wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé abọ́bakú máa ń sá ni?" Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹni tí wọ́n ti bu ọlá fún nítorí ikú tó máa kú, tí gbogbo ìlú mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀, ibo ló fẹ́ sá gbà? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nínú ìwé náà tún ti èyí lẹ́yìn, nítorí pé wọn kì í sọ pé ẹni tí wọ́n yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ títí tó fi kú ti kú. Wọ́n máa ń ní ó ti "parí". Àwa tí a máa ń sọ pé ọba wàjà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bo ikú lójú. Bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ènìyàn kúrò, tí ẹ fi àìsàn lásán rọ́pò rẹ̀, ìbéèrè yìí á pòórá, ìwé náà á sì di ìtàn ìfẹ́ àwọn mẹ́ta tó jáde ilé ìwé kan náà.

Ìwé kejì tí mo máa ń tọ́ka sí ni The Left Hand of Darkness tí Ursula K. Le Guin kọ lọ́dún 1969. Ó gba Nebula, ó sì gba Hugo, ẹ̀bùn ńlá méjì fún ìtàn sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ará ìlú inú rẹ̀ kì í ṣe ọkùnrin, wọn kì í ṣe obìnrin. Ọjọ́ díẹ̀ péré lóṣooṣù ni ara wọn máa ń yí sí ọ̀kan nínú méjèèjì. Mo sọ ìtàn náà ní Yorùbá fún ẹgbẹ́ wa, mo sì ti sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí kí n tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò tíì rí ohun àjèjì kankan níbẹ̀, nítorí pé "ó" tí à ń lò lédè wa kì í ya akọ sọ́tọ̀ lára abo. Ìgbà tí mo dé ibi tí ọba Karhide, ilẹ̀ kan nínú ìwé náà, ti lóyún ni wọ́n tó pariwo. Ohun tó jẹ́ ìjàkadì ńlá fún Le Guin lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó fi jẹ́ pé ó fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin pe gbogbo wọn, tí òun náà sì padà kọ̀wé pé kò tẹ́ òun lọ́rùn mọ́, kò já mọ́ nǹkan kan lẹ́nu tiwa. Síbẹ̀ ìwé náà kò wó. Ìrìn àjò ẹni méjì lórí yìnyín, tí ọ̀kan kò tíì gbà pé èkejì jẹ́ ènìyàn tó ṣeé fọkàn tán, ló gbé e dúró. Nígbà tí National Book Foundation fún obìnrin yìí ní àmì ẹ̀yẹ ńlá lọ́dún 2014, ó sọ lórí ìtàgé pé òun bá gbogbo àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ òun tí wọ́n ti ń yọ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pín in ni. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni nígbà yẹn.

Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn sí èyí tí mo fẹ́ sọ nípa The Three-Body Problem tí Liu Cixin kọ. Ìwé náà gba Hugo lọ́dún 2015 lẹ́yìn tí Ken Liu túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Ṣáínà, ó sì tọ́ sí i, nítorí pé èrò tó wà nínú rẹ̀ tóbi dé ibi pé orí ń fò mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àwọn ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí Ye Wenjie ti ń wo bí wọ́n ṣe lu bàbá rẹ̀ pa níwájú èrò nígbà rògbòdìyàn ìjọba Mao, lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yòówù. Lẹ́yìn náà àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tín-ín-rín bí bébà, iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa bi ara wọn ní ìbéèrè tí yóò jẹ́ kí òǹkọ̀wé ṣàlàyé físíìsì. Hugo, bẹ́ẹ̀ ni, Booker, rárá. Kò sì sí àbùkù nínú èyí, nítorí pé ohun tí àwọn ẹ̀bùn wọ̀nyí ń wọ̀n kò dọ́gba: àwọn òǹkàwé tó san owó láti wọ ẹgbẹ́ àpéjọ ìtàn sáyẹ́ǹsì àgbáyé ló ń dìbò fún Hugo, àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ló ń dìbò fún Nebula, nígbà tó jẹ́ pé adájọ́ márùn-ún tó ti ka ìwé títí ojú ń ta wọ́n ló ń jókòó yí tábìlì ká nítorí Booker.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ojú títa yẹn, nítorí òun ló jẹ́ kí n ṣe àṣìṣe mi. Lọ́dún kẹta tí mo jẹ́ adájọ́, ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré, iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún létí mi, mo sì ní ìwé mọ́kànlá tí n kò tíì ṣí. Mo ṣí ọ̀kan tí ojú ewé kejìlá rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ hun, tí kò sì ṣàlàyé ìkankan nínú wọn. Mo dà á dé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo rí ìwé náà lórí àtẹ, òǹkọ̀wé ti fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo rà á torí pé ẹ̀rí ọkàn ń dà mí láàmú, mo sì kà á tán ní òru méjì. Àwọn ọ̀rọ̀ tó bí mi nínú lójú ewé kejìlá ni àwọn ọmọ inú ìtàn náà fi ń bá ohùn ìyá wọn tó ti kú sọ̀rọ̀ lójú ewé igba, ẹkún ni wọ́n pa mí. Ìtàn sáyẹ́ǹsì máa ń kọ́ òǹkàwé ní èdè tuntun kó tó bá a sọ̀rọ̀, adájọ́ tí àkókò ń lé kì í sì í fẹ́ kọ́ èdè. Lọ́dún 2024, ìwé tí àwọn adájọ́ Booker kà lé ní 150.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ pàápàá kò sí lọ́wọ́ wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé jáde ló ń fi ìwé ránṣẹ́ sí Booker, iye tí ilé-iṣẹ́ kan sì lè fi ránṣẹ́ ní ìwọ̀n, tó fi jẹ́ pé èyí tí ìwé rẹ̀ kò tíì wọ àṣàyàn ní ọdún àìpẹ́ kò lè fi ju ẹyọ kan lọ sílẹ̀. Ẹ rò ó wò bóyá ìtàn sáyẹ́ǹsì ni wọ́n máa fi ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ṣe.

Ọdún 2019 ni mo máa ń lò bí àpẹẹrẹ nígbà tí àríyànjiyàn bá le. Lọ́dún yẹn, àwọn adájọ́ Booker rú òfin tó ní kí wọ́n má ṣe pín ẹ̀bùn náà, wọ́n sì pín in láàárín Bernardine Evaristo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti Margaret Atwood nítorí The Testaments. Lójú mi, gbèsè àtijọ́ ni wọ́n ń san fún Atwood. The Handmaid's Tale ló tọ́ sí i, èyí tó dé ìpele àṣekágbá lọ́dún 1986, tí The Old Devils ti Kingsley Amis sì borí rẹ̀. Ẹ̀bùn Arthur C. Clarke, ti ìtàn sáyẹ́ǹsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ́kọ́ fúnni lọ́dún 1987, ló fi ìwé yẹn ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á. (Atwood fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n pè é ní ìtàn sáyẹ́ǹsì. Ìyẹn ò kàn mí.)

Lọ́dún 2019 kan náà ni Clarke bọ́ sọ́wọ́ Tade Thompson, ọmọ Yorùbá, fún Rosewater. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń rò pé ó di dandan kí n sọ pé Booker ló tọ́ sí i, torí pé tiwa ni. Mo fẹ́ràn ìlú Rosewater inú ìwé náà, tó yí àgbá ńlá tí ẹ̀dá òfuurufú ń gbé ká, tó ń rùn débi tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ òórùn dídùn láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá sì ti rí èrò àwọn aláìsàn ní ìpàgọ́ ìsọjí lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn rí yóò mọ ọjọ́ tí àgbá náà ń ṣí, tí gbogbo àrùn ń wò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Kaaro, olè tí ìjọba sọ di amí, ń mí nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, eré amí gba ìtàn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà láìṣiyèméjì pé ẹ̀bùn Clarke tọ́ sí i, ibẹ̀ ni mo sì dúró sí.

Àwọn kan á tún sọ pé ìtàn sáyẹ́ǹsì ti jẹ Booker tán lọ́dún 2024, nígbà tí Orbital tí Samantha Harvey kọ gbà á. Ìwé tó dára ni, ṣùgbọ́n ibùdó òfuurufú tí àwọn mẹ́fà inú rẹ̀ ń gbé wà lóòótọ́ lókè orí wa, ó sì ń yí ayé po nígbà mẹ́rìndínlógún lójúmọ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé náà. Kò sí àrà tuntun tí ẹ máa yọ.

Nípa ọdún 2005 tí àbúrò wa béèrè: ohun tí ìròyìn gbé nígbà náà ni pé àwọn adájọ́ pín sí méjì láàárín Banville àti Ishiguro, àti pé ìbò alága, John Sutherland, ló já a. Nítorí náà àwọn tó fẹ́ Never Let Me Go wà nínú yàrá yẹn, wọn kò sì kéré níye. Mo ti ka The Sea lẹ́ẹ̀mejì láti wá ìdí tí mo fi lè bínú sí i, n kò rí i. Gbólóhùn rẹ̀ dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Ishiguro ni èmi ìbá dìbò fún, tí wọ́n bá sì bi mí nípa orúkọ, Kathy ni mo máa kọ́kọ́ dá, lẹ́yìn náà Tommy àti Ruth.