Bí ẹ ṣe lè ya ìtàkùn àti agẹmọ ní stereo

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí orí fi ń fọ́ yín bí ẹ bá ń wo fọ́tò stereo ewé àti kòkòrò tí ẹ yà, ẹ gbọ́ tèmi. Fọ́tò méjì nǹkan kan náà tí a yà láti ibi méjì tó súnmọ́ra ni stereo: ojú ọ̀tún á wo ọ̀kan, tòsì á wo èkejì, nǹkan náà á wá yọ jáde bíi pé ó wà níwájú ẹni. Òṣogbo ni mò ń gbé, ewé àti ẹranko etí odò Ọ̀ṣun ni mò ń yà jọ.

Ẹ ní mílímítà 65, ìwọ̀n àárín ojú méjèèjì, lẹ ń sún fóònù kí ẹ tó ya ìkejì. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìyẹn bá igi tó jìnnà tó mítà méjì mu. Tí nǹkan bá súnmọ́ yín, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí fóònù, ẹ pín in sí ọ̀nà 30, ìdá kan ni kí ẹ sún. Òdòdó tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 30, sẹ̀ǹtímítà kan péré ti tó o. Kí fóònù sún gbọọrọ ni, ẹ má yí ojú rẹ̀. Káfíńtà ló kan pákó elétí kan fún mi tí mò ń sún fóònù lára rẹ̀.

Òdòdó ni gbogbo èèyàn ń sáré sí, ìtàkùn lèmi fẹ́ràn. Nínú fọ́tò lásán, ìtàkùn igbó Ọ̀ṣun á kàn dà pọ̀ mọ́ra ni. Nínú stereo, ẹ ó rí èyí tó gba iwájú kọjá, èyí tó lọ́ mọ́ igi, àti èyí tó rọ̀ sílẹ̀ láìkan nǹkan kan. Kùtùkùtù ni kí ẹ yà á, kí afẹ́fẹ́ tó dé, torí ewé tó bá mì láàárín fọ́tò méjèèjì á máa ṣẹ́jú síni.

Ti ẹranko le. Ọ̀bọ? Ẹ gbàgbé ẹ, àfi bí ẹ bá ní kámẹ́rà méjì tó ń yà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Agẹmọ ń rọra rìn lóòótọ́, àmọ́ ẹyinjú rẹ̀ kì í sinmi: ọ̀kan ń wo iwájú, èkejì ń wo ẹ̀yìn. Ara rẹ̀ á yọ dáadáa, ojú rẹ̀ á sì máa rú yín lójú. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò kàn lè jù wọ́n nù ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ olówó gọbọi fún yín. Nígbà tí Charles Wheatstone, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé bí stereo ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1838, àwòrán ọwọ́ àti dígí méjì ló lò. Bí ẹ bá ń wò ó láìlo ẹ̀rọ, tí ẹ ń kó ẹyinjú méjèèjì sápá imú, fọ́tò ọ̀tún ni kẹ́ ẹ gbé sósì. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ewé iwájú á wọlé lọ sẹ́yìn. Ọjọ́ tí ẹ bá yà á gan-an ni kí ẹ kọ “Ọ̀tún” àti “Òsì” sára orúkọ fáìlì, pẹ̀lú orúkọ igi àti ibi tó wà. Tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ò ní dá wọn mọ̀ mọ́.