Kókó inú ẹ̀dọ̀: má jẹ́ kí wọ́n fi títóbi dẹ́rù bà ọ́

Àbúrò mi ní Sábẹ̀, pẹ̀lẹ́ o. O ní wọ́n rí hémangiome, ìyẹn kókó tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ́ pọ̀ dì, tó tó sẹ̀ǹtímítà 12 nínú ẹ̀dọ̀ rẹ, dókítà ní kí wọ́n là ọ́ kí o tó lóyún, o wá ń bi wá bóyá kí o gbà. Èmi náà ní irú ẹ̀ níbí ní Kétu. Tèmi ju ìkúùkù mi lọ, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹnu àwọn oníṣègùn ló fẹ́ pa mí. Ẹni tó ṣe ẹkográfì, àwòrán inú ikùn, fún mi ò tíì nu ọ̀rá tútù yẹn kúrò níkùn mi tó fi ní, "Màmá, nǹkan ńlá wà níbí o, ẹ lọ mú èèyàn yín wá." Ó na bébà sí mi, ó pe ẹni tó kàn. Ó parí! Jẹjẹrẹ ni mo ń rò títí mo fi délé. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi. Mo ti ń pín aṣọ mi nínú ọkàn, ta ni yóò gba aṣọ òkè, ta ni yóò gba àǹkárá. Bí bàbá àwọn ọmọ bá bi mí pé kí ni wọ́n wí, mà á ní wọn ò wí nǹkan kan. Òru ló burú jù: bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bá ro mí pẹ́rẹ́, mà á ní ó ti dé nìyẹn. Dókítà tí mo wá bá kò tiẹ̀ jókòó dáadáa tó fi ní, "À á là á." Kí ló dé? "Ó tóbi." Ṣé títóbi wá di àìsàn ni?

Sikánà tí wọ́n ń gún oògùn sí iṣan fún ló tú mi sílẹ̀. Ìwọ náà lọ ṣe é. Dókítà ẹ̀dọ̀ kan ní Kútọnu fi bírò tọ́ka sí àwòrán náà: oògùn bẹ̀rẹ̀ láti etí kókó, ó ń kún wọ àárín díẹ̀díẹ̀. Ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ló lọ́ pọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í di jẹjẹrẹ, ó sì ṣọ̀wọ́n kó bẹ́ fúnra ẹ̀. Bí kò bá yọ èèyàn lẹ́nu, wọ́n á máa ṣọ́ ọ ni. Bó bá ń dùn ọ́ gan-an, tàbí ó ń tẹ ikùn rẹ tí o ò lè jẹun, abẹ lè tọ́. Ṣùgbọ́n nínú abẹ ẹ̀dọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dà púpọ̀, òróòro sì lè máa jò lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ wọ́ ikùn yín o! Àgbo náà, ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ni yóò sẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi abẹ́rẹ́ bu ẹran níbẹ̀ wò, bi wọ́n léèrè dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ló kún inú ẹ̀.

Bó bá jẹ́ adénome, irú kókó ẹ̀dọ̀ mìíràn, ni wọ́n kọ sí bébà, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí máa ń bọ́ ọ, tó bá sì ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ó lè ṣẹ̀jẹ̀, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Wọ́n sábà máa ń gé ìyẹn.

Ti oyún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Mo ti bímọ tán kí wọ́n tó rí tèmi. Dókítà ẹ̀dọ̀ ti Kútọnu yẹn ní hémangiome nìkan ò ní kí obìnrin má lóyún, àmọ́ ó lè tóbi sí i, kí wọ́n máa fi ẹkográfì wò ó. Bí dókítà rẹ bá tún ní nítorí pé ó tóbi ni, bi í pé ẹ̀dọ̀ mélòó ló ti gé rí, àti ibo ni ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà sí ọ lára yóò ti wá.