Ọkọ mi fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ lójijì

Ìbéèrè: Láràárọ̀ ni ọkọ mi ń mu ògógóró. Ó dá a dúró lánàá, ọwọ́ rẹ̀ wá ń gbọ̀n, òógùn bò ó. Ṣé kó fara dà á? — Ìyá Ṣadé, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Rárá o, ìyá wa. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn UCH lónìí. Ọpọlọ tí ọtí ti ń tẹ̀ lórí ba fún ọdún pípẹ́ máa ń ru sókè tí ọtí bá tán lára. Ìgbọ̀n ọwọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn tó mutí gbẹ̀yìn. Gìrì lè dé kí wákàtí 48 tó pé. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí kò sí, kó máa sọ kántankàntan. Ìyẹn lè pa á.

Dókítà lè fún un ní diazepam, oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, kí wọ́n máa dín in kù lójoojúmọ́. Ẹ má rà á fúnra yín: tó bá pàdé ọtí, ó lè dá èémí dúró. Ẹ sọ fún wọn pé kì í jẹun dáadáa, kí wọ́n lè tètè fún un ní fítámì B1. Àìtó rẹ̀ ń ba iyè jẹ́.

Àwọn kan á ní kí ẹ bu disulfiram, oògùn tó ń mú kí ara kọ ọtí, sọ́bẹ̀ rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Tó bá mutí lé e, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀, ọkàn sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀.