Àbúrò nọ́ọ̀sì ní Ìkòròdú, transcript rẹ (ìwé máàkì ilé ẹ̀kọ́) ni kó o kọ́kọ́ sá tọ̀

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ lóru àná nígbà tí mo ti tíátà iṣẹ́ abẹ dé, mi ò sì lè gbójú fò ó. O ní ọdún kẹta rẹ nìyí ní ICU, ìyẹn wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ní Ìkòròdú, BNSc, ìyẹn digirí nọ́ọ̀sì, wà lọ́wọ́ rẹ, o sì fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì akunilóorun l'Amẹ́ríkà. O béèrè bóyá o lè gba fọ́ọ̀mù máàsítà wọn báyìí, àti bóyá dandan ni GRE, ìdánwò àbáwọlé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn digirí. Ìkòròdú ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun. Ọdún kejì mi nìyí nínú ẹ̀kọ́ tí ò ń béèrè yìí, ní Texas. Ojú mi rí màbo kí n tó débí, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Ọdún 3 tó o lò ní ICU yẹn, wọn ò ní kà á. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ó sàn kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju kó o gbọ́ ọ lẹ́yìn tí owó bá ti lọ. COA, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì akunilóorun l'Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú òfin wọn pé ó kéré tán, èèyàn gbọ́dọ̀ ti fi ọdún 1 gbáko tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Amẹ́ríkà gan-an, tàbí àgbègbè tó wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí ilé ìwòsàn ológun rẹ̀ lókè òkun, ni iṣẹ́ náà sì ti gbọ́dọ̀ wáyé. Kì í ṣe pé o ò mọṣẹ́. Mo mọ ohun tí ojú nọ́ọ̀sì ń rí ní Ìkòròdú nígbà tí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí bá dákẹ́, tó jẹ́ pé ọwọ́ lèèyàn á fi máa fún báàgì títí jẹnẹrétọ̀ á fi gbé. Òfin wọn ò wo ìyẹn.

Ọkùnrin kan wà ní Sábọ́ nígbà yẹn tó ń pe ara rẹ̀ ní ògbógi ọ̀rọ̀ òkè òkun. Ó gba ₦250,000 lọ́wọ́ mi, ó sì búra pé ICU Nàìjíríà tó, pé ilé ẹ̀kọ́ á mú mi tààrà láti ilé. Kò ka òfin yẹn rí láyé rẹ̀. Nígbà tí mo padà pè é, ó ní òfin ti yí padà. Irọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó o mú owó wá kí o tó rí ojú ewé ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ, dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Máàsítà tó o sọ náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun nínú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wọlé sí ìpele oyè ọ̀mọ̀wé (doctorate), tí wọ́n ń pè ní DNP tàbí DNAP. Oṣù 36 ló máa ń gbà, ó kéré tán.

Nítorí náà, ọ̀nà tó wà ni kó o kọ́kọ́ wá bíi nọ́ọ̀sì. NCLEX (ìdánwò láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà), ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, VisaScreen (ìyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì fún físà), ilé ìwòsàn tó máa gbà ẹ́, físà iṣẹ́ EB-3. Gbogbo nọ́ọ̀sì ló ti mọ ìyẹn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kó o rántí: ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì wa nílé gbé àṣẹ kan jáde ní oṣù Èrèlé ọdún 2024, pé kí èèyàn ti lo ọdún 2 lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì tó wà títí (permanent) kí wọ́n tó lè fìdí ìwé rẹ̀ múlẹ̀ fún ìlú mìíràn. Àwọn nọ́ọ̀sì wọ́de lé e lórí l'Ékòó àti l'Ábújá. Ka ọjọ́ orí láísẹ́ǹsì rẹ dáadáa, kì í ṣe ọjọ́ tó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi transcript ni mo fẹ́ kó o kà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti ṣe ọdún 2 ní ICU níbí. Mo ti gba CCRN, ìyẹn ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì aláìsàn líle, tí wọ́n ń béèrè wákàtí 1,750 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn láàárín ọdún 2 kéèyàn tó jókòó ìdánwò rẹ̀. Ọ̀gá mi ti kọ lẹ́tà. Mo ti tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì akunilóorun kan wọ tíátà láti wo iṣẹ́ rẹ̀. NursingCAS, ojú òpó tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fi ń gba fọ́ọ̀mù, wà ní ṣíṣí níwájú mi, ó ku ọ̀sẹ̀ 7 kó tì. Ìwé kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn transcript láti ilé ẹ̀kọ́ mi nílé, tí àwọn tó ń túmọ̀ máàkì ìlú mìíràn sí ti Amẹ́ríkà máa yẹ̀ wò.

Mo sanwó. Ọ̀sẹ̀ 2 kọjá, wọn ò dá mi lóhùn, wọn ò gbé fóònù. Mo bẹ àbúrò mi ọkùnrin. Aago 4:30 àárọ̀ ló ń wọkọ̀ ní Garage, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 má bàa ká a mọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ọ̀gá ò sí ní ìjókòó. Ọjọ́ kejì, ọ̀gá wà, àmọ́ wọn ò rí owó tí mo san. Ó fi rìsíìtì hàn wọ́n, wọ́n ní kó lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ọjọ́ kẹta, fáìlì mi wà ní ilé kejì, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ti lọ sí ìsìnkú. Ọjọ́ kẹrin, wọ́n ní kó padà wá lọ́la, wọn ò sì sọ ìdí. Ọjọ́ karùn-ún, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ bàbá mi ni wọ́n kọ síbi orúkọ mi. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ sọ fún un pé, ṣebí ọmọ bàbá náà ni? Títí di òní, tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, àyà mi á máa gbóná.

Ọjọ́ kẹfà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé e fún un nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, wọ́n lu òǹtẹ̀ gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní kó fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Wọn ò sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ ṣí i. Nínú ọkọ̀, ní Kétu, ọmọ náà rò pé kí òun wò ó bóyá orúkọ mi ti pé, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ó ṣí i. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yín ti bọ́ sí i!" Mo rí i nínú fọ́tò náà. Ìdajì òǹtẹ̀ búlúù wà lórí ìdérí àpòòwé, ìdajì tó kù wà lára rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìwé yẹn ti kú. Tí kò bá ti ọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wá tààrà, tàbí kó dé ní lílẹ̀ bí wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́, wọn ò ní gbà á. Mo jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ilé ìwòsàn, mo sunkún. Mi ò bá a wí. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ ní kí n tún owó san. Ojú òpó tì, ọdún kan sì lọ lára mi.

Ṣé o rí ìdí tí mo fi ń pariwo? Bẹ̀rẹ̀ transcript rẹ báyìí, kódà kí o tó forúkọ sílẹ̀ fún NCLEX. Ti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti ti yunifásítì, méjèèjì. Kí ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ fúnra wọn. Bí wọ́n bá lè fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ìyẹn ló dára jù. Ṣáájú ìyẹn, béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó o fẹ́ wọ̀ níbí pé ilé iṣẹ́ ìyẹ̀wò wo ni wọ́n ń gbà, torí gbogbo wọn kọ́ ni wọ́n ń gbà. Bí orúkọ ọkọ bá ti wọ pásípọ́ọ̀tù rẹ, ìwé ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Wo kẹ́mísírì rẹ náà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan kì í gba kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì tó ti pẹ́, èmi tún kẹ́mísírì àti statistics ṣe níbí, lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́. Má wọ ICU kékeré níbí nítorí pé ó tètè gbà ẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ amí-fúnni, okùn inú iṣan àlọ, àti oògùn tó ń gbé ìfúnpá ró lójoojúmọ́ ni kó o lọ. Ohun tí wọ́n bi mí nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nìyẹn: aláìsàn wà lórí norepinephrine, ọ̀kan nínú oògùn tó ń gbé ìfúnpá ró yẹn, ìfúnpá rẹ̀ ṣì ń já, kí lo máa kọ́kọ́ wò? Ẹni tí kò bá ti dúró ti irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lóru á kan máa wo òkè ni.

Ọ̀rọ̀ owó: o ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́ tó o bá ti wọlé. Ó kéré tán, 600 iṣẹ́ akunilóorun la gbọ́dọ̀ ṣe àti wákàtí 2,000 nínú ilé ìwòsàn ká tó jáde, kíláàsì tún wà. Má gbọ́kàn lé ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ tí green card ò bá tíì sí lọ́wọ́ rẹ. Tọ́jú owó nígbà tó o wà ní ICU.

GRE, àwọn kan ṣì ń béèrè, ọ̀pọ̀ ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ojú ewé ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lo máa wò.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí o tó wọ iṣẹ́, lọ sí ọ́fíìsì rẹjísírà ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Béèrè orúkọ ẹni tó ń fi transcript ránṣẹ́ gan-an, kó o sì gba nọ́ńbà rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó o padà wá lọ́la, béèrè aago wo, kó o sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé àpòòwé lé ẹ lọ́wọ́, má gbà á.