“Àìkú ẹkìrì, a kì í fi awọ rẹ̀ ṣe gbẹ̀du”: èébú ni àbí àwàdà?

Ìbéèrè yìí wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Arábìnrin kan gbé àwòrán àgbà òṣèré kan sórí WhatsApp, ó kọ “Sùn un re o” sí i, ó tan àbẹ́là mẹ́ta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó tó dalẹ́, òṣèré náà ti jáde nínú fídíò, ó ń jẹ àmàlà. Ni àbúrò bàbá arábìnrin yìí bá fi òwe òkè yìí fèsì. Àwọn ẹbí ń rẹ́rìn-ín, òun ò sì mọ̀ bóyá wọ́n bú òun ni, tàbí bóyá Yorùbá tilẹ̀ gbà kéèyàn fi ọ̀rọ̀ ikú ṣàwàdà.

Wọ́n bú yín díẹ̀, ẹ má bínú. Ẹran igbó ni ẹkìrì. Gbẹ̀du sì ni ìlù ńlá tí wọ́n ń lù fún ọba àti olóyè. Ẹ wá wo onílù tó ti gbẹ́ igi tán, tó jókòó ti ìlù tí kò láwọ, tí ẹran tó fẹ́ fi awọ rẹ̀ bò ó sì ń jẹko kiri. Onílù yẹn ni òwe náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe òkú. Àwọn bàbá wa tún máa ń fi halẹ̀ mọ́ ọmọ tó bá ti ń pín ilẹ̀ lójú wọn.

Ní Ọ̀yọ́ tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọba kì í kú, ó ń wàjà ni, kì í sì í ṣe ẹnu ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ni ìlú ti ń gbọ́ ọ. Láyé àtijọ́, ìlù kòso ni wọ́n fi ń jí Aláàfin ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Bí ìlú bá wá gbọ́ kòso lóru, pẹ̀lú fèrè eyín erin, ó ti yé wọn pé Kábíyèsí ń lọ sùn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé.

Ẹni tí òfófó ikú ọba kò lè pa lẹ́rìn-ín rárá ni Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọkùnrin Aláàfin, torí àṣà ìgbà náà ni pé kó bá bàbá rẹ̀ lọ. (Ẹ ronú ẹni tó sáré wá bá a lójú ọ̀nà pé, “Mo gbọ́ pé Kábíyèsí…”) Aláàfin Àtìbà ló fòpin sí i, tí Adélù ọmọ rẹ̀ fi jọba ní 1859. Kúrunmí, olórí Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù lọ́ba, ogun sì dé.

Ní oṣù keje 2015, ìròyìn gbòde pé Ọọ̀ni Síjúwadé ti wàjà ní London. Àwọn ìjòyè Ifẹ̀ ní irọ́ ni, ó di oṣù kẹjọ kí wọ́n tó kéde. Àwọn kan pè wọ́n ní òpùrọ́. Èmi ò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀: ẹni tó lòkú ló ni ìkéde. Ti Nnamdi Azikiwe ló yàtọ̀. Ní 1989, ariwo ta ní Nàìjíríà pé ó ti kú, bẹ́ẹ̀ bàbá ń mí; 1996 ló tó lọ. Ta ló mọ iye àwọn tó ti ṣèdárò rẹ̀ tí wọ́n ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀run?

Ní ti àwàdà, kò séèwọ̀ níbẹ̀, bó bá ti jẹ́ òkú àgbà. Àwọn ìyàwó ilé á máa bi òkú léèrè níṣojú gbogbo ẹbí pé, “Bàbá, ta ni yóò wá máa ka ẹran inú ìkòkò báyìí?” Àwọn ọmọ olóòkú gan-an á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ dán irú ẹ̀ wò níbi òkú ọ̀fọ̀, ẹ ó rí ẹni tí yóò tì yín síta.

Torí náà, ẹ yọ àwòrán yẹn kúrò, kí ẹ sì fi àdúrà ẹ̀mí gígùn ránṣẹ́ sí òṣèré náà; àwọn àgbà gbà pé ẹni tí wọ́n bá parọ́ ikú mọ́ máa ń pẹ́ láyé. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá yín, ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná, kí ẹ tó máa sọ pé ibi tí wọ́n gbé e sí ni ẹ ti rí i.