Kí ló dé tí owó oṣù kì í pẹ́ lọ́wọ́ ará Filipínì?

Ìbéèrè tó délẹ̀ rèé, mo gé e kúrú. Obìnrin Yorùbá kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn ará Filipínì pọ̀ nínú àwọn tí òun ń bá ṣiṣẹ́ alẹ́. Lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, wọ́n á ra oúnjẹ fún gbogbo wọ́ọ̀dù, wọ́n á fi owó ránṣẹ́ sílé, àmọ́ tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, búrẹ́dì àti ẹyin ló kù tí wọ́n ń jẹ. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé petsa de peligro làwọn ń pe àsìkò yẹn nílé. Ó fẹ́ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìnákúnàá ló ń bá wọn jà, ó sì fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ “owó oṣù kẹtàlá” bí ẹni ń sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n tún ti ní kí òun wá dá paluwagan pẹ̀lú àwọn.

Àǹtí, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn.

Ọjọ́ ewu ni petsa de peligro. Sípéènì ló jọba lé wọn lórí láti 1565 títí di 1898, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ owó fi jẹ́ ti Sípéènì lẹ́nu wọn. Ewu tí wọ́n ń sọ kò ju àwọn ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún tó ṣáájú ọjọ́ owó lọ. Ẹ mọ̀ pé nílé wọn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń gbowó. Òfin iṣẹ́ wọn ní kí agbanisíṣẹ́ sanwó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ó kéré tán, kí àárín owó kan sí èkejì má sì ju ọjọ́ 16 lọ. Ọjọ́ 15 àti òpin oṣù ni gbogbo ìlú ń wò. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí owó ti ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù, ètò ọ̀sẹ̀ méjì méjì tó bá dàgbà ló ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí ẹ rí yẹn, ibi tó yẹ kí owó mìíràn ti wọlé nìyẹn lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ ewu, ìrẹsì ṣì máa ń wà nínú ìkòkò. Ohun tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́ ló ń dín kù: sadíìnì inú agolo, núdù, tàbí tuyo, ẹja kéékèèké tí wọ́n fi iyọ̀ sí tí wọ́n sá gbẹ. Bí ìyẹn náà bá tán, ó di ìsọ̀ sari-sari. Ojú fèrèsé ilé ẹnìkan ni wọ́n sábà ń ṣí ìsọ̀ yìí sí, pẹ̀lú irin lójú rẹ̀, kò sì sí àdúgbò tí kò sí, láti Manila dé erékùṣù tó jìnnà jù. Bí agbára oníbàárà bá ṣe mọ ni wọ́n ń gé ọjà fún un: ọṣẹ ìfọrun inú ọ̀rá ẹyọ kan, sìgá ẹyọ kan, aáyù ẹyọ kan, òróró díẹ̀ tí wọ́n rọ sínú ọ̀rá. Tingi ni orúkọ irú rírà bẹ́ẹ̀. Tí kò bá wá sí kọ́bọ̀ rárá, ìyá tó ni ìsọ̀ á kọ orúkọ oníbàárà sínú lista, ìwé àwìn rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í gba èlé. Ìtìjú ló ń bá a sin gbèsè, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe máa jáde nílé tí kò ní gba iwájú fèrèsé yẹn kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí, Àǹtí: kí owó ará Filipínì tó wọlé, ó ti ní olówó. Lista ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa rẹ́ lọ́jọ́ 15. Lẹ́yìn náà ni olówó èlé máa dé, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ 5-6, torí pé ẹni tó bá yá péso 5 máa dá 6 padà. Àwọn ará Íńdíà tó ń gun alùpùpù kiri ọjà ni wọ́n fi mọ òwò náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ń ṣe é. Sọgúndogójì ni àwọn bàbá wa ìbá pè é. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan òbí. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ tí kì í fún ìyá rẹ̀ lówó, ẹnu á kùn ún. Bí ẹ̀gbọ́n obìnrin, ate, bá ti ń gbowó, owó ilé-ìwé àwọn àbúrò ti bọ́ sí i lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ náà ni kuya, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Gbèsè oore tí èèyàn jẹ àwọn tó tọ́ ọ dàgbà, tí wọ́n ń pè ní utang na loob, kò ní iye, kò sì ní ọjọ́ tí yóò tán.

Nǹkan kan tún wà tó máa ya ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa, àpò ọkọ ọ̀tọ̀, àpò ìyàwó ọ̀tọ̀, ìyá oníṣòwò kì í sì í ka èrè rẹ̀ fún baálé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Filipínì, ọkọ á gbé gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ lé ìyàwó lọ́wọ́, ìyàwó á wá yọ owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ọ̀sán fún un. Ìyàwó ló ń pín ìyókù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti iná, ti omi, ti ilé-ìwé, ti ìrẹsì. Àwọn kan máa ń fi èyí yangàn pé obìnrin ló ń pàṣẹ owó nílé. Mo gbà, ṣùgbọ́n òun náà ló ń lọ dúró níwájú fèrèsé sari-sari lọ́jọ́ ewu, òun náà ni olówó èlé mọ orúkọ rẹ̀.

Oúnjẹ tí wọ́n ń rà fún wọ́ọ̀dù yín ńkọ́? Libre nìyẹn: ẹni tí owó bá wọlé fún ló máa ṣe àwọn tó yí i ká lálejò. Tó bá jẹ́ owó òjijì, bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́, ó gbọ́dọ̀ yọ balato nínú rẹ̀ fún àwọn tó wà nítòsí. Ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé kò gbọdọ̀ wọlé láìmú pasalubong, ẹ̀bùn fún ará ilé, dání, kódà kó jẹ́ búrẹ́dì lásán. Fún àwọn ọmọdé, ọjọ́ owó ni ọjọ́ Jollibee, ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń jẹ adìyẹ díndín pẹ̀lú ìrẹsì. Bàbá tó ti fi sadíìnì bọ́ ọmọ láti bí ọjọ́ mélòó kan fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun ń jí lọ sí lóròòwúrọ̀ ní èrè. Èmi ò lè pe ìyẹn ní ìnákúnàá.

Kì í sì í ṣe pé wọn ò mọ ìnákúnàá o. Òwe wọn sọ pé Ubos-ubos biyaya, bukas nakatunganga: ẹni tó bá na ìbùkún rẹ̀ tán pátá lónìí, lọ́la yóò la ẹnu sílẹ̀ lásán. Ẹni tó ra fóònù tuntun lọ́jọ́ 15 tó wá ń yá owó ọkọ̀ lọ́jọ́ 25 ni wọ́n ń pa á fún, wọ́n sì ń pè é ní olówó ọjọ́ kan. Irú wọn wà. Tí ọjọ́ owó bá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ kì í rìn lójú pópó EDSA ní Manila, ìlà á gùn nídìí ẹ̀rọ báńkì, àwọn mọ́ọ̀lù á sì ti gbé ẹ̀dínwó wọn sí òpin ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, torí wọ́n mọ ìgbà tí àpò wú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ná owó nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Kò sọ nǹkan kan nípa owó tí kò tó láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ owó oṣù kẹtàlá ti wọlé.

Ẹ̀tọ́ ni lóòótọ́. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1975, nígbà tí ìlú ṣì wà lábẹ́ òfin ológun, Ààrẹ Ferdinand Marcos fọwọ́ sí Àṣẹ Ààrẹ nọ́ńbà 851. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ san owó oṣù kan lé fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò bá ju péso 1,000 lóṣù, ó pẹ́ tán ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Ìdí tí àṣẹ náà fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ ló yẹ kí a fetí sí: pé ọ̀wọ́n ọjà káàkiri ayé ń jẹ owó òṣìṣẹ́ run, pé wọn ò tíì fi kún owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ láti 1970, àti pé àsìkò Kérésìmesì dára láti fi ro ti mẹ̀kúnnù kí wọ́n lè ṣọdún bó ṣe yẹ. Lójú tèmi, àfikún owó tí wọn ò fún òṣìṣẹ́ fún ọdún márùn-ún ni wọ́n wọ aṣọ ọdún fún. Corazon Aquino, ààrẹ tó gba ipò rẹ̀, ló mú ààlà péso 1,000 yẹn kúrò ní oṣù Kẹjọ ọdún 1986, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ará ìlú lé Marcos lọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ ro gbogbo owó iṣẹ́ gan-an tí òṣìṣẹ́ gbà lọ́dún náà pọ̀, ẹ yọ owó àṣekún àti àjẹmọ́nú kúrò, kí ẹ pín in sí 12. Ẹni tó ń gba péso 18,000 tó sì ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko máa gba 18,000. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje máa gba 9,000. Bó bá ti ṣiṣẹ́ tó oṣù kan, ó ti ní ìpín, kódà bó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Láti ìgbà tí òfin àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé ti jáde ní 2013, ọmọ ọ̀dọ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ gbà á. Agbanisíṣẹ́ lè san ìdajì kí ilé-ìwé tó wọlé, kó san ìyókù kí Kérésìmesì tó dé. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá wá fẹ́ fi owó mìíràn tàbí odidi ham, itan ẹlẹ́dẹ̀, kún un, ìyẹn gan-an ni ẹ̀bùn. Ọ̀gá lè fún wọn, ó sì lè má fún wọn. Ẹ má pe owó kẹtàlá ní ẹ̀bùn lójú wọn, ara wọn á ta.

Láti oṣù Kẹsàn-án ni orin Kérésìmesì ti ń dún ní Filipínì, láti ìgbà náà sì ni owó kẹtàlá ti ní ìpín. Ó máa gba ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n fi dógò nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà. Ó máa tún òrùlé tí ìjì bà jẹ́ ṣe. Ó máa gbé oúnjẹ Noche Buena kalẹ̀ lóru ọjọ́ 24, lẹ́yìn ìsìn òru, ham àti wàràkàṣì róbótó tí ìda pupa bò. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ọmọ á wọ aṣọ tuntun lọ sọ́dọ̀ ninong àti ninang, bàbá àti ìyá ìsàmì wọn. Ọmọ á gbé ẹ̀yìn ọwọ́ àgbà kan iwájú orí rẹ̀, àgbà á sì fún un ní aguinaldo, owó bébà tuntun tí wọ́n ti lọ tò fún ní báńkì. Ọmọ kan lè ní òbí ìsàmì mẹ́wàá. Ẹ wá ro iye ọmọ tó ń dúró de òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo. Tó bá di ọjọ́ 28, ọjọ́ Àwọn Ọmọ Aláìṣẹ̀, ẹni tó bá yá owó lọ́wọ́ yín lè sọ pé àṣà kò ní kí òun san án padà.

Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò ní owó kẹtàlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ṣì ń retí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Láti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di balikbayan box, páálí ńlá tí wọ́n ń kó ṣokoléètì, ẹran inú agolo, ọṣẹ àti bàtà sí, torí ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e, kò sì gbọdọ̀ dé lẹ́yìn ọdún. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì ní oṣù Kẹwàá, páálí rẹ̀ lè ti kún nílé.

Ní ti paluwagan, ẹ ti mọ̀ ọ́n láti ilé: èésú ni. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́wàá tí ẹ ń dá 100 pọ́n-ùn lóṣù, ẹnìkan á máa kó 1,000 lóṣooṣù títí á fi kárí. Kò sí èlé, kò sì sí ìjọba tó máa gbà yín bí ẹnìkan bá kó tirẹ̀ tó sì kó lọ. Nílé wọn, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdókòwò ti kìlọ̀ nípa àwọn tó ń fi orúkọ paluwagan jalè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èrè tí wọ́n ń ṣèlérí ni ẹ máa fi dá wọn mọ̀, torí paluwagan gidi kì í ṣèlérí èrè fún ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè ẹni tó ń kó owó jọ, ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bí ẹnìkan bá yí iṣẹ́ padà lẹ́yìn tó ti kó. Tí ìdáhùn wọn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wọ̀ ọ́. Kí ẹ mú nọ́ńbà àárín ọdún o, ẹ fi ti oṣù Kọkànlá àti Kejìlá sílẹ̀ fún wọn.