Ṣé ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò férémù ilé lè mọ̀ bí mo bá yà á ṣì?

Rárá, lọ́pọ̀ ìgbà kò lè mọ̀. Ohun tí o bá yà fún irú ètò bẹ́ẹ̀, bíi ETABS tàbí SAP2000, ni yóò ṣírò. Mú bíìmù (igi ìdábùú tó ń gbé ẹrù) kan tó gùn ní mítà 6, tí ẹrù orí mítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ 20 kN (kilonewton, ìwọ̀n agbára). Bí o bá ní ó kàn jókòó lórí òpó méjì, agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ láàárín yóò jẹ́ 90 kNm. Bí o bá ní wọ́n dè é pinpin lórí méjèèjì, agbára ti àárín á dínkù sí 30 kNm, ibi ìdè á gba 60 kNm. Máòsì lo kàn tẹ̀ o, ibi tí irin yóò ti pọ̀ jù ti yí padà! Àfi bí ìdè kò bá tó tí férémù fi lè ṣubú, ìgbà yẹn ni ètò náà sábà máa ń kìlọ̀.